Orí Keje: Nígbà tí Iṣẹ́ Ìkọ́lé Aládùúgbò bá Ba Ilé Ẹni Jẹ́

Nínú àwọn ẹjọ́ tí baálé agbo ilé máa ń gbọ́ ní àtijọ́, kì í pẹ́ kí ti ìdí ilé tó yọjú: ẹnì kan ti gbẹ́ kòtò amọ̀ sún mọ́ ògiri ẹlòmíràn jù, tàbí omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rò ilé ẹnì kan ń dà lu ìdí ògiri ẹnì kejì títí tí amọ̀ fi rọ̀ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya, tàbí kí ẹni tí ó ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe jẹ́ kí igi àjà já lu ilé ẹni ẹlẹ́ni. Àwọn àgbà kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé ògiri lè wó lu òun kò lè sùn fọkàn balẹ̀. Ní òde òní tí ilẹ̀ ti wọ́n ní Èkó Àkéte, ilẹ̀ ọgbọ́n, tí a ń wó ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin àti márùn-ún rọ́pò rẹ̀, tí Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, pàápàá sì ti kún tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ń fara kan ilé, ẹjọ́ kan náà ni a ṣì ń bá yí. Kìkì pé ohun tí ń dá a sílẹ̀ ti kúrò ní ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, ó ti di katapílà, ẹ̀rọ tí ń fa omi, àti òpó kọnkéré tí a ń fi ẹ̀rọ gbá wọlẹ̀.

Nínú orí yìí, a ó wo ohun tí iṣẹ́ ìkọ́lé máa ń ṣe sí ilẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó wo bí a ṣe ń dá ìbàjẹ́ mọ̀ lára ògiri, a ó sì wo ohun tí òfin sọ àti ọ̀nà tí ẹni tí ilé rẹ̀ bàjẹ́ lè gbà rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà. Àpẹẹrẹ wa yóò ti Ìpínlẹ̀ Èkó wá jù lọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù.

Bí ilẹ̀ ṣe ń gbé ilé ró

Òkúta ààlà tí àwọn sọ́fíyọ̀ ń rì mọ́lẹ̀ a máa pín ilẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín, ṣùgbọ́n kò lè pín ẹrù tí ilẹ̀ náà ń rù. Nígbà tí ilé bá jókòó sórí ilẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kì í lọ sí ìsàlẹ̀ nìkan. A máa tàn sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú, a sì máa gba abẹ́ fẹ́ǹsì kọjá bọ́ sínú ilẹ̀ aládùúgbò, tí ó fi jẹ́ pé ilé méjì tí ó sún mọ́ ara wọn dà bí ẹni méjì tí ó fẹ̀yìn ti ara wọn jókòó: bí ọ̀kan bá dìde lójijì láìsọ fún èkejì, ilẹ̀ ni èkejì yóò bá ara rẹ̀. Gbogbo ohun tí a ó sọ nípa òfin níwájú, orí ọ̀rọ̀ yìí ni ó dúró lé.

Bí wọ́n bá gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ tí ó jìn ju ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, tí etí kòtò náà sì dúró ṣánṣán láìsí pákó tàbí irin tí ó gbé e ró, iyẹ̀pẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ilé aládùúgbò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bọ́ sínú kòtò náà díẹ̀díẹ̀, pàápàá bí òjò bá rọ̀ sí i kí wọ́n tó da kọnkéré. Ẹni tí ó bá dúró létí irú kòtò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òjò òru kan yóò rí i bí ìdí rẹ̀ ti tutù tí ó sì ti jẹ wọ abẹ́ fẹ́ǹsì, tí gbòǹgbò igi wà ní ìta gbangba, tí ìṣùpọ̀ iyẹ̀pẹ̀ pupa sì ń já bọ́ láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ omi tún wà níbẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀. Ní erékùṣù Èkó àti ní Lẹ́kí, omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ kì í pẹ́ bá a pàdé, wọn a sì gbé ẹ̀rọ tí ń fa omi kalẹ̀, a máa kùn tọ̀sán tòru. Omi tí ẹ̀rọ náà ń fà sí gọ́tà kì í ṣe ti inú kòtò nìkan. Èyí tí ó wà lábẹ́ àwọn ilé tí ó yí i ká náà ń ṣàn wá síbẹ̀, bí ó sì ti ń kúrò lábẹ́ ilé onílé ni amọ̀ rírọ̀ àti ẹrẹ̀ dúdú tí omi ti ń bá gbé ẹrù tẹ́lẹ̀ ń fún pọ̀, tí ilé sì ń rì. Bí ilé bá rì lọ́gbọọgba, ìbàjẹ́ rẹ̀ lè má pọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó sún mọ́ kòtò a máa rì ju èyí tí ó jìnnà sí i lọ, ibẹ̀ sì ni ògiri ti ń ya. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan fẹ́ǹsì, kò sí bùlọ́ọ̀kù tí ó já, síbẹ̀ ilé ti bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń kọ́lé fi máa ń búra pé òun kò ṣe ohunkóhun, tí ó sì lè jẹ́ pé òtítọ́ inú rẹ̀ ni ó ń sọ.

Gbígbá òpó wọlẹ̀ ní tirẹ̀ a máa mi ilẹ̀ tìtì, iyanrìn tí kò ki a sì máa jókòó nítorí ìmìtìtì náà. Àwọn ìbàjẹ́ yòókù hàn sí gbogbo ojú, a kò ní pẹ́ lórí wọn: bùlọ́ọ̀kù tàbí irin tí ó já lu páànù, kọnkéré tí ó ta sí ara mọ́tò àti fèrèsé, típà tí ó fọ́ ẹnu ọ̀nà àti páìpù omi, àti iyanrìn òun gíráńáìtì tí a dà sójú títì tí òjò sì gbá dí gọ́tà títí tí àgbàrá fi wọ yàrá àwọn tí ilé wọn wà nísàlẹ̀.

Bí a ṣe ń wo ògiri tí ó ya

Kì í ṣe gbogbo ògiri tí ó sán ni ó ti ọwọ́ aládùúgbò wá. Sìmẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ògiri a máa gbẹ, a sì máa sán wẹ́wẹ́ káàkiri láìní ìhà kan pàtó. Irú èyí kò kọjá ojú ara ògiri, kò sì léwu. Èyí tí ó ti ìdí ilé wá yàtọ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tàbí igun ẹnu ọ̀nà, a gba ìdábùú gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀, a fẹ̀ ní ìkangun kan ju èkejì lọ, a sì hàn nínú ilé àti níta, nítorí ó gba àárín bùlọ́ọ̀kù kọjá. Ilẹ̀kùn tí ó ti ń pa dé tẹ́lẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í há, gíláàsì fèrèsé a là láìsí ẹni tí ó sọ òkò, a sì rí àlàfo láàrin ògiri àti ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí a ń tẹ̀.

Àwọn onímọ̀ a máa fi bí ibi tí ògiri ti ya ṣe fẹ̀ tó díwọ̀n bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó. Èyí tí kò tó mìlímítà 1, òòdà lásán lè bò ó. Láti ibẹ̀ dé mìlímítà 5, ó ń fẹ́ àtúnṣe ṣùgbọ́n kò tíì kan agbára ilé. Láti 5 dé 15, ilẹ̀kùn àti fèrèsé yóò ti máa há, a ó sì ní láti gé lára ògiri kí a tó tún un mọ. Láti 15 dé 25, apá kan ògiri náà ní láti di wíwó. Bí ó bá sì ti ju 25 lọ, ẹ̀rù wíwó ilé fúnra rẹ̀ ni ó kù. Síbẹ̀, bí ó ṣe fẹ̀ tó lónìí kò ṣe pàtàkì tó bóyá ó ṣì ń fẹ̀ sí i. Nítorí náà, kí onílé mú pẹ́ńsù, kí ó fa ìlà tín-ín-rín sí ìkangun méjèèjì ibi tí ó ya, kí ó kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó fi rúlà wọn ibi tí ó fẹ̀ jù, kí ó sì ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà náà nínú àwòrán. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ògiri ti ya kọjá ìlà pẹ́ńsù, ilẹ̀ ṣì ń ṣí nìyẹn. Ọ̀nà àtijọ́ kan tún wà tí ó dára: kí a fi sìmẹ́ǹtì lẹ gíláàsì pẹlẹbẹ kékeré mọ́ ògiri kí ó dábùú ibi tí ó ya, gíláàsì kì í fà, bí ògiri bá mira díẹ̀, yóò là.

Ìgbà tí ó dára jù láti ya fọ́tò ògiri ni kí ó tó ya. Igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ní kété tí wọ́n bá gbé pátákó iṣẹ́ sójú ilẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, tí típà àkọ́kọ́ sì da iyanrìn, kí onílé pe enjiníà tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ enjiníà, kí wọ́n yí ilé náà ká, kí wọ́n kọ gbogbo ibi tí ó ti sán tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́, kí wọ́n sì bẹ ẹni tí ń kọ́lé tàbí kọngílá rẹ̀ pé kí ó wá bá wọn wò ó, kí ó sì buwọ́ lù ú. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká owó enjiníà, kí ó fi fóònù ya ògiri kọ̀ọ̀kan nínú àti níta ní ojú mọ̀nmọ́n. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀; ohun àkọ́kọ́ tí lọ́yà ẹni tí ń kọ́lé yóò sọ ni pé ilé náà ti gbó, pé ó ti ya láti ọjọ́ pípẹ́, ẹni tí kò bá sì ní àkọsílẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún un nìyẹn.

Ohun tí òfin sọ

Ọdún 1863 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin ilẹ̀ wọn wọ Èkó, láti ìgbà náà sì ni àwọn ìlànà tí àwọn adájọ́ wọn fi lélẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ aládùúgbò ti wọ inú òfin wa. Ẹjọ́ méjì wà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ti Bower àti Peate, tí wọ́n dá ní 1876. Ilé àwọn méjèèjì fara kan ara wọn. Peate fẹ́ wó tirẹ̀ kí ó sì gbẹ́ ìpìlẹ̀ tuntun, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún kọngílá tí ó ṣèlérí nínú àdéhùn wọn pé òun yóò fi nǹkan gbé ilé Bower ró, àti pé òun ni yóò dáhùn fún ìbàjẹ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n fi gbé e ró kò tó, ilé Bower sì bàjẹ́. Peate ní kí wọ́n lọ bá kọngílá. Ilé ẹjọ́ kò gbà: wọ́n ní ẹni tí ó pàṣẹ iṣẹ́ tí ó dájú pé yóò pa aládùúgbò lára bí a kò bá ṣọ́ra, òun fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ rí i pé a ṣọ́ra, kò sì lè bọ́ ẹrù náà kúrò lórí ara rẹ̀ gbé ka ẹlòmíràn lórí. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ di ìdájọ́ yìí mú ṣinṣin, nítorí ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn tí ń kọ́lé ní àdúgbò wa ni pé, “Kọngílá ni kí ẹ bá sọ ọ́.” Ẹni tí ó ni ilẹ̀, tí ó san owó, tí yóò sì gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé lọ́la, òun ni kí a bá sọ ọ́. Bí ó bá fẹ́ kí kọngílá dá owó náà padà fún òun, èyí wà láàrin àwọn méjèèjì.

Èkejì ni ti Dalton àti Angus, tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní 1881. Angus ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní ìlú Newcastle. Ní 1849 ó sọ ilé rẹ̀ di ibi iṣẹ́, ẹrù ilé náà sì pọ̀ sí i lórí ilẹ̀ tí ó fara tì. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, wọ́n wó ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Dalton tí ó gba iṣẹ́ náà sì mú kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ni ibi iṣẹ́ Angus bá wó lulẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní Angus jàre, wọ́n sì fi ìlànà kan múlẹ̀: ilẹ̀ òfìfo ní ẹ̀tọ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ pé kí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa gbé e ró, ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ lé e a máa ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti dúró síbẹ̀ ní gbangba fún ogún ọdún. Lójú tèmi, apá kejì ìlànà yìí le fún ẹni tí ó kọ́lé rẹ̀ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò bọ́ sí ìhòòhò. Bí a bá lè fi hàn pé ilẹ̀ rẹ̀ ì bá yẹ̀ bí kò tilẹ̀ sí ilé lórí rẹ̀, tàbí pé ẹni tí ń gbẹ́lẹ̀ hùwà àìbìkítà, tí kò gbé etí kòtò ró, tí kò sì pe enjiníà, ẹjọ́ rẹ̀ ṣì dúró.

Yàtọ̀ sí àwọn ìlànà wọ̀nyí, òfin ìpínlẹ̀ wà. Òfin ètò ìlú tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2010 ni ó dá LASPPPA sílẹ̀, àjọ tí ń fún ni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, àti LASBCA, àjọ tí ń ṣọ́ iṣẹ́ náà bí ó ti ń lọ, tí ó sì lè dá a dúró tàbí kí ó ti ibẹ̀ pa. Láti 2003 sì ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ di dandan pé ẹni tí ń kọ́ ilé tí ó ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò, kí owó lè wà fún òṣìṣẹ́ tàbí aládùúgbò tí àìbìkítà bá pa lára tàbí tí ó bà ní ohun ìní jẹ́. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ilé wọn bàjẹ́ tí wọn kò béèrè ìwé adójútòfò yìí rí, tí wọ́n ń bẹ ẹni tí ń kọ́lé pé kí ó ṣàánú wọn, nígbà tí ó jẹ́ pé òfin ti pèsè ibi tí owó náà yóò ti wá.

Ọ̀nà àtigbà rí ẹ̀tọ́ gbà

Bí ògiri bá ń tẹ̀ tàbí tí ó ń ya lójú ẹni, kí gbogbo ará ilé kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀mí ni ó ṣáájú ẹjọ́. Ilé tí ó wó ní Ìta Fàájì ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀, kò wó nítorí aládùúgbò, ṣùgbọ́n àjọ ìjọba ti sàmì sí i tẹ́lẹ̀ pé kò dára mọ́, àwọn ènìyàn sì ṣì wà nínú rẹ̀.

Bí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ ni ó kàn. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹni tí ń kọ́lé lónìí sì ni a ó jọ máa gbé lọ́la. Kí a lọ bá a, kí a fi ibi tí ó ya hàn án, kí a má sì pariwo. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ṣùgbọ́n kí ìwé tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́jọ́ kan náà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè lọ báyìí:

“Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó, a ó kọ́ ọ parí, a ó sì gbé ibẹ̀ pẹ́. Mo fi ìwé yìí tó yín létí pé láti ọjọ́ Ajé tí katapílà ti gbẹ́ ilẹ̀ ní ìhà fẹ́ǹsì wa, ògiri ilé ìdáná wa ti ya láti igun fèrèsé dé àjà. Ó fẹ̀ tó mìlímítà 4 ní àárọ̀ yìí, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kò sì pa dé mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí enjiníà yín wá wò ó kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, kí wọ́n sì dá gbígbẹ́ ìhà ibẹ̀ dúró títí yóò fi dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ẹ̀dà ìwé àṣẹ ìkọ́lé àti orúkọ ilé iṣẹ́ adójútòfò yín ránṣẹ́. Èmi àbúrò yín ni.”

Ìwé náà kò bú ẹnikẹ́ni, ó sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, bí ó ti tó, àti ohun tí a ń fẹ́. Kí a tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọ́n bá rán bíríkìlà wá pé kí ó fi sìmẹ́ǹtì dí i, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí a má sì tíì gbà. Ògiri tí a rẹ́ nígbà tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣí yóò tún ya, ẹ̀rí a sì ti bò mọ́lẹ̀. Kí a má sì fọwọ́ sí ìwé pé a ti gba owó tán, ọ̀rọ̀ sì ti parí, nítorí owó òòdà, kí enjiníà tó sọ ohun tí àtúnṣe yóò ná ni.

Bí kò bá gbọ́, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wà tí ó lè bá a sọ̀rọ̀. Ní àkókò kan náà, kí a kọ̀wé sí LASBCA, kí a sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀. Àjọ náà ni ó lè dá iṣẹ́ dúró láìpẹ́, kòtò tí ó ṣí sílẹ̀ kì í sì í dúró de ẹjọ́. Fún owó àtúnṣe, Ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé ìpẹ̀tù fún àwọn ará ìlú, Citizens’ Mediation Centre, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, tí kì í sì í gba kọ́bọ̀. Kí a tó mú ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, ibẹ̀ ni èmi yóò rán ẹnikẹ́ni lọ. Ilé ẹjọ́ fún gbèsè kékeré tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018 kò gba ẹjọ́ ògiri tí ó ya, nítorí gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú, tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò bá ti fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò san iye kan, tí kò sì san án, ó ti di gbèsè nìyẹn, ibẹ̀ sì lè gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ń lọ sí ilé ẹjọ́ gíga yóò béèrè owó àtúnṣe, owó enjiníà, owó ilé tí ó gbà sùn sí nígbà tí tirẹ̀ kò ṣeé gbé, àti àṣẹ pé kí wọ́n má gbẹ́lẹ̀ mọ́ títí wọn yóò fi gbé e ró. Kí ó má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ nílẹ̀, nítorí òfin ní gbèdéke ọdún.

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí ń kọ́lé náà ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ rẹ̀, àwọn kan sì wà tí wọ́n fẹ́ fi ibi tí ó sán fẹ́ẹ́rẹ́ gba owó ilé tuntun fún ilé tí ó ti ń jò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ àti fọ́tò tí a ya ṣáájú iṣẹ́ ń dáàbò bo ẹni tí ń kọ́lé pẹ̀lú, ọlọ́gbọ́n kọngílá ni yóò sì kọ́kọ́ béèrè pé kí a jọ yà á.

Fún ìjíròrò nínú kíláàsì

Opó kan ń gbé ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ní 1974. Ògiri yàrá àlejò rẹ̀ ti sán díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní oṣù Kẹfà, aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ ìpìlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì láìgbé etí kòtò ró. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ibi tí ó sán náà sì fẹ̀ dé mìlímítà 12. Kọngílá ti sá lọ, aládùúgbò sì ní òun kò mọ ibi tí ó wà, àti pé ilé ìyá náà ti gbó. Fọ́tò kan ṣoṣo ni ó wà, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ yà níbi ìkómọ lọ́dún tí ó kọjá, ògiri náà sì hàn lẹ́yìn àwọn àlejò pẹ̀lú ibi tí ó sán nígbà náà. Ta ni yóò san owó, ìlànà wo ni a ó sì fi mú un? Ṣé ibi tí ó ti sán tẹ́lẹ̀ gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìyá náà, àbí iye owó tí yóò gbà nìkan ni ó kàn? Kí ni fọ́tò ìkómọ náà lè fi hàn, kí sì ni kò lè fi hàn?